Omi Kan Náà, Àwọ̀ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Àwọ̀ Omi Adágún

Adágún kan á dà bí aró, òmíràn á dà bí ewé, òmíràn á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, òmíràn á sì dúdú kirikiri. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, omi ni gbogbo wọn. Àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń béèrè jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni mo kó jọ síhìn-ín. Èyí tí àlàyé rẹ̀ gùn, mo jẹ́ kó gùn. Èyí tí kò ní ẹjọ́ nínú, mo sọ ọ́ ní ṣókí.

Ṣebí wọ́n ní omi kò ní àwọ̀?

Ó ní. Àwọ̀ náà ni kò pọ̀. Omi inú ife kò nípọn tó láti fi í hàn. Ó dà bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n nà sí oòrùn: ẹ kò ní rí àwọ̀ rẹ̀ dáadáa àfi tí ẹ bá ká a ní ìṣẹ́po mẹ́wàá. Omi mímọ́ tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀, búlùú ni, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jìn díẹ̀ kí ojú tó lè rí i.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí a ń pè ní funfun, àpapọ̀ gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè ni. Tó bá wọnú omi, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kì í jẹ gbogbo àwọ̀ bákan náà. Pupa ló ń kọ́kọ́ jẹ. Kí ìmọ́lẹ̀ tó pupa jù lọ tó rin mítà kan péré nínú omi mímọ́ gaara, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ti lọ. Àwọ̀ ọsàn ló tẹ̀ lé e, ìyeyè wá tẹ̀ lé ìyẹn. Búlùú ló ń pẹ́ jù lọ. Àwọn tó máa ń wẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ omi mọ̀ pé aṣọ tó pupa fòò lókè á ti dà bí eérú tàbí kó dúdú kí àwọn tó dé mítà 15. Èyí tí omi kò rí jẹ, tó wá ṣẹ́rí padà sójú wa, òun ni à ń pè ní àwọ̀ omi. Ìyókù ìmọ́lẹ̀ ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìdáhùn tó kù yóò máa padà sí.

Ohun tó fà á ni pé haidirójìn àti ọ́síjìn tó so pọ̀ di omi máa ń gbọ̀n, ìgbọ̀n yẹn ló sì ń gba agbára ìmọ́lẹ̀ pupa. Omi kan wà tí wọ́n ń pè ní omi wíwúwo, tí haidirójìn inú rẹ̀ wúwo ju ti omi lásán lọ. Tirẹ̀ ń lọ́ra láti gbọ̀n, kò ká ìmọ́lẹ̀ pupa mọ́, nítorí náà omi wíwúwo kò ní àwọ̀ rárá. Ká ní òun ló kún inú adágún ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Ẹ ó rí i pé "búlùú" ni mò ń lò. Àwọn àgbà tó ń fi dúdú, funfun àti pupa kó ọ̀pọ̀ àwọ̀ jọ, dúdú ni wọ́n máa pe adágún jíjìn. Wọn ò kúkú ṣì í pè. Omi jíjìn tó mọ́ gaara kò ní nǹkan púpọ̀ nínú tó lè ta ìmọ́lẹ̀ padà sí wa, nítorí náà búlùú rẹ̀ máa ń sún mọ́ dúdú gan-an.

Ṣé kì í ṣe ojú ọ̀run ló ń hàn nínú omi ni?

Ojú ọ̀run ní ìpín tirẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni olórí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá náà ti gbà bẹ́ẹ̀ rí. Lord Rayleigh, tó ṣàlàyé ìdí tí ojú ọ̀run fi jẹ́ búlùú, sọ pé búlùú inú òkun kò ju òjìji ojú ọ̀run lọ. Lọ́dún 1921, C. V. Raman, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Íńdíà, wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé e bọ̀ láti Ìlú Ọba. Nígbà tí wọ́n ń kọjá lórí òkun Mẹditaréníà, ó mú gíláàsì kékeré kan tó ń dènà ìmọ́lẹ̀ tó bá ta padà láti ojú omi tí èèyàn bá gbé e sí igun tó yẹ, ó sì gbà á wo òkun. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni ohun tí Rayleigh sọ, ṣe ló yẹ kí búlùú náà pòórá. Kò pòórá o. Ńṣe ló tún dọ́gbọ́n jinlẹ̀ sí i. Láti inú omi fúnra rẹ̀ ló ti ń wá. Iṣẹ́ tí Raman ṣe lórí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń fọ́n ká lẹ́yìn ìgbà yẹn ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un lọ́dún 1930.

Ìpín ti ojú ọ̀run wá ńkọ́? Ibi tí ẹ dúró sí ló máa pinnu. Bí ẹ bá wà lókè tí ẹ wo omi tààrà sísàlẹ̀, nǹkan bí ìdá 2 péré nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ló ń ta padà láti ojú omi. Ìyókù ń wọlé. Bí ẹ bá dúró sí etí adágún tí ẹ sì ń wo ọ̀ọ́kán, èyí tó ń ta padà á pọ̀ gan-an, omi á wá di dígí. Nígbà náà, bí ojú ọ̀run bá ṣú, omi náà á ṣú. Bí igbó bá wà ní òdìkejì, omi á gba àwọ̀ igbó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ àwọ̀ omi gan-an, kó gun òkè tàbí afárá.

Kí ló ń sọ omi di àwọ̀ ewé?

Nígbà púpọ̀, ohun ẹlẹ́mìí ni. Inú omi adágún kún fún ewéko wínníwínní tí ojú lásán kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní algae. Èròjà tó wà nínú ewé orí ilẹ̀ wà nínú tiwọn náà: ó ń gba búlùú, ó ń gba pupa, ó ń fi àwọ̀ ewé sílẹ̀. Omi ti jẹ pupa tẹ́lẹ̀. Àwọn wọ̀nyí wá gba búlùú. Kí ló tún kù?

Ohun tó ń mú wọn pọ̀ ni oúnjẹ, pàápàá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù lórí èyí wá láti Kánádà. Lọ́dún 1973, David Schindler àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú adágún kékeré kan ní Ontario, tí kò ní orúkọ ju nọ́ńbà 226 lọ, wọ́n sì fi kọ́tìnnì ńlá dá a sí méjì láàárín. Wọ́n da nàìtírójìn àti kábọ́ọ̀nù sí ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n ìhà kan ṣoṣo ni wọ́n fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sí. Ìhà tó gba fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì di ewé lọ ráúráú, èkejì sì wà bó ṣe wà. Àwòrán tí wọ́n yà láti òkè fi han gbogbo ayé: adágún kan, àwọ̀ méjì, ìlà kan láàárín. Àwòrán yẹn wà lára ohun tó mú kí àwọn ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dín fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ọṣẹ ìfọṣọ kù. Ajílẹ̀ tí òjò gbá kúrò lóko, ìgbẹ́ tí kò gba ibi ìfọ̀mọ́ kọjá, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì náà ni wọ́n ń gbé wọ adágún.

Ọ̀nà kejì wà tí kò ní ewéko nínú. Bí omi tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ búlùú bá ní èròjà tó pọ́n díẹ̀díẹ̀ nínú, àdàpọ̀ méjèèjì máa ń jọ ewé.

Ẹ má sì fi ohun tó léfòó pe àwọ̀ omi. Ojú oró ló ń lékè omi, òṣíbàtà ló ń lékè odò. Tí wọ́n bá bo adágún mọ́lẹ̀, àwọ̀ tiwọn ni ẹ̀ ń rí. Ẹ ká wọn kúrò, ẹ lè bá omi dúdú tàbí omi tó tòrò lábẹ́ wọn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá omi aláwọ̀ ewé léwu?

Ojú nìkan kò lè mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ojú lè kìlọ̀. Ẹ̀yà kan wà láàárín wọn tó jẹ́ pé bakitéríà ni, kì í ṣe ewéko gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn lòun náà fi ń ṣe oúnjẹ. Cyanobacteria lorúkọ rẹ̀. Tó bá pọ̀, omi á dà bí ẹni pé wọ́n da ọ̀dà sí i: ó lè jẹ́ àwọ̀ ewé tó ń tàn, ó lè jẹ́ búlùú mọ́ ewé, á máa dì lójú omi, afẹ́fẹ́ á sì gbá a jọ sí etí kan. Ó lè máa rùn. Àwọn kan nínú wọn ń ṣe májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ tàbí iṣan ara jẹ́. Ajá tó bá lá a lè kú.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, májèlé irú èyí wọ omi ẹ̀rọ ìlú Toledo ní Amẹ́ríkà láti inú adágún Erie. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn tó lé ní 400,000 má mu omi ẹ̀rọ fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni ìkìlọ̀ pé kí wọ́n má sè é. Iná kò pa májèlé náà. Bí omi bá ṣe ń fà lórí iná, ńṣe ni májèlé inú ìyókù ń le sí i.

Nítorí náà, omi tó bá jọ ọ̀dà, ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má mu ún, ẹ má jẹ́ kí ẹran ọ̀sìn dé ibẹ̀.

Àwọn adágún kan ní búlùú tó dà bí ẹni pé wọ́n da wàrà sí i. Ṣé òótọ́ ni àwọ̀ yẹn?

Òótọ́ ni. Peyto, Moraine àti Louise ní Kánádà wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Tekapo àti Pukaki ní New Zealand. Gbogbo wọn ló wà nísàlẹ̀ òkè tí yìnyín ńláńlá dì sí. Yìnyín yìí kì í jókòó sójú kan, ó ń rọra wọ́ sọ̀kalẹ̀, ìwúwo rẹ̀ sì ń lọ òkúta abẹ́ rẹ̀ bí ọlọ. Ìyẹ̀fun òkúta tó tibẹ̀ jáde kúnná dé ibi pé kì í tètè rì: á léfòó láàárín omi fún ọjọ́ pípẹ́, á sì máa fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. Pupa kì í rí ọ̀nà jáde torí omi ti jẹ ẹ́. Búlùú àti àwọ̀ ewé ni ìyẹ̀fun náà ń ta padà sókè ní ọ̀pọ̀ yanturu, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ náà fi ń mọ́lẹ̀ dípò kó dúdú bí ti omi jíjìn mìíràn.

Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lè má bá àwọ̀ tó wà nínú àwòrán. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, nígbà tí omi yíyọ́ ń gbé ìyẹ̀fun wọlé lójoojúmọ́, ni àwọ̀ náà máa ń pọ̀ jù.

Omi tó pọ́n rúsúrúsú ńkọ́? Ṣé amọ̀ ni?

Ó lè jẹ́ amọ̀, ó lè má jẹ́ amọ̀. Yorùbá kúkú ti yà wọ́n sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀: omi tó rú kì í ṣe ẹgbẹ́ omi tó tòrò. Bí òjò bá gbá erùpẹ̀ wọ adágún, tàbí tí afẹ́fẹ́ ru ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ sókè, omi á rú, ẹ kò sì ní rí ọwọ́ yín tí ẹ bá tì í bọ̀ ọ́. Ẹ fi í sílẹ̀, á tòrò.

Èyí kejì ti tòrò tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ó pọ́n. Ewé, egbò igi àti koríko tó jẹrà sínú àbàtà ló ro oje sínú rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn rẹ ewé sómi. Oje yẹn ń gba búlùú. Nígbà tí omi ti jẹ pupa díẹ̀, tí oje jẹ búlùú, ìyókù ìmọ́lẹ̀ á jẹ́ ìyeyè, ọsàn tàbí pupa rúsúrúsú. Níbi tó bá jìn, á dà bíi dúdú pátápátá. Irú adágún bẹ́ẹ̀ pọ̀ jọjọ ní Finland àti Sweden, ó sì ṣeé ṣe kí omi náà mọ́ ju omi aláwọ̀ ewé lọ.

Ọ̀pọ̀ adágún ní àríwá Yúróòpù àti àríwá Amẹ́ríkà ló ti ń pọ́n sí i láti nǹkan bí ọdún 1990. Lára ohun tó fà á ni pé afẹ́fẹ́ mọ́ sí i. Òjò tó ní ásíìdì, tí èéfín ilé iṣẹ́ ń dá sílẹ̀, máa ń há oje ewé mọ́ inú ilẹ̀. Nígbà tí òjò ásíìdì dín kù, ilẹ̀ tú oje náà sílẹ̀, ó sì ṣàn padà sínú adágún. Àtúnṣe ló mú kí omi pọ́n! Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọ̀ omi ti ń dùn mọ́ mi nìyẹn.

Kí ló ń mú kí adágún kan pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, bí àwọ̀ òdòdó?

Iyọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Níbi tí iyọ̀ bá pọ̀ ju ti inú òkun lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, ẹja kò lè gbé ibẹ̀. Àwọn ẹ̀dá wínníwínní tó fẹ́ràn iyọ̀ nìkan ló máa ń gbilẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Dunaliella salina. Ewéko omi ni, ṣùgbọ́n tí iyọ̀ àti oòrùn bá mú un, á kó carotene, èròjà tó ń mú kárọ́ọ̀tì pọ́n, jọ sára láti fi bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn, àwọ̀ ewé tirẹ̀ á sì di ọsàn tàbí pupa. Àwọn yòókù, bíi Salinibacter ruber tó pọ̀ nínú omi Hillier, ní àwọ̀ pupa nínú ara wọn gan-an. Ìmọ́lẹ̀ tí omi ìbá ta padà ní àwọ̀ ewé tàbí búlùú, àwọn wọ̀nyí á ti gbà á tán.

Adágún Hillier yìí wà ní erékùṣù Middle Island ní ìwọ̀ oòrùn Australia. Matthew Flinders àtàwọn atukọ̀ rẹ̀ rí i lọ́dún 1802. Kò gùn ju nǹkan bí 600 mítà lọ, igbó yí i ká, òkun búlùú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwòrán rẹ̀ láti òkè, nígbà tó bá pọ́n, fi ń dà bí ẹ̀tàn. Ti Áfíríkà tó lókìkí jù ni Retba ní Senegal, tí wọ́n ń pè ní Lac Rose.

Pé iyọ̀ ló ń pinnu, ẹ wo Great Salt Lake ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1959, wọ́n fi òkúta àti erùpẹ̀ kọ́ ojú irin la adágún náà já. Àwọn odò tó ń gbé omi aláìníyọ̀ wá, ìhà gúúsù ni wọ́n ń wọ̀. Ìhà àríwá ò rí wọn gbà mọ́, iyọ̀ ibẹ̀ pọ̀ sí i, omi rẹ̀ sì pọ́n. Gúúsù ṣì jẹ́ búlùú mọ́ ewé. Láti inú bàlúù, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fa ìlà sáàárín wọn.

Ó lè ṣẹlẹ̀ lójijì pẹ̀lú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, adágún Lonar ní Íńdíà, èyí tó wà nínú kòtò tí òkúta láti ojú ọ̀run gbẹ́, kúrò ní àwọ̀ ewé, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Omi ti fà, iyọ̀ ti le, àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ iyọ̀ sì gba ibẹ̀ kan.

Àwọn ẹyẹ flamingo tó ń ṣọdẹ nínú irú omi báyìí náà jogún àwọ̀ yẹn. Eléérú ni ọmọ wọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin. Carotene inú ohun tí wọ́n ń jẹ ló ń sọ ìyẹ́ wọn di pupa. Adágún Natron ní Tanzania, tí òun fúnra rẹ̀ máa ń pọ́n, ni ibi tí flamingo kékeré ti ń pamọ jù ní ìlà oòrùn Áfíríkà.

Ṣé àwọ̀ lè yí lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo?

Ó ti ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú ikú. Lálẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1986, gáàsì tó ti ń kó jọ nísàlẹ̀ adágún Nyos ní Cameroon ru jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Kábọ́ọ̀nù dàíọ́síàdì ni, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó ṣàn wọ àfonífojì, ó sì pa èèyàn tó lé ní 1,700 pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹran ọ̀sìn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, adágún tí wọ́n mọ̀ sí búlùú ti pọ́n.

Àwọ̀ kọ́ ló pa èèyàn. Omi ìsàlẹ̀ kò ní ọ́síjìn, irin tó ti yòrò sì wà nínú rẹ̀ láìhàn. Nígbà tí gáàsì gbé e wá sókè, tó pàdé afẹ́fẹ́, irin náà dípẹtà lójú ẹsẹ̀. Ìdípẹtà ni pupa yẹn. Láti ọdún 2001 ni wọ́n ti ri páìpù sísàlẹ̀ adágún náà, kí gáàsì lè máa jáde díẹ̀díẹ̀.

Adágún mẹ́ta lórí òkè kan, àwọ̀ mẹ́ta. Báwo?

Kelimutu ní erékùṣù Flores, Indonesia, lẹ ń sọ. Òkè ayọnáyèéfín ni, ọ̀nà tí gáàsì ń gbà wọ inú adágún kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Bí ọ́síjìn inú omi bá kéré, àwọ̀ ewé tàbí búlùú ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá pọ̀, irin inú rẹ̀ á mú un pọ́n tàbí kó dúdú. Gáàsì kì í wá ní ìwọ̀n kan náà lọ́dọọdún, nítorí náà ẹni tó bá padà lọ lẹ́yìn ọdún díẹ̀ lè má bá àwọ̀ tó fi sílẹ̀. Àwọn Lio tó ń gbé nítòsí gbà pé ilé ẹ̀mí àwọn òkú ni wọ́n.

Kí ló dé tí adágún kan náà fi ń yàtọ̀ láàárín ọdún?

Ohun tó wà nínú omi ló ń yí. Algae ń pọ̀ tí oòrùn bá mú, ẹrẹ̀ ń wọlé tí òjò bá rọ̀, oje ewé ń ṣàn lẹ́yìn òjò ńlá. Èyí tó jọ mí lójú jù ni Blue Lake ní Mount Gambier, Australia. Ní ìgbà òtútù, ó dà bí irin. Tó bá di oṣù kọkànlá, á yí padà di búlùú tó ń tàn yòò, á sì wà bẹ́ẹ̀ títí di nǹkan bí oṣù kẹta. Omi rẹ̀ ń wá láti abẹ́ òkúta ẹfun. Nígbà tí ojú omi bá móoru, ẹfun tó ti yòrò nínú rẹ̀ á dì padà di egunrín kékeré, àwọn egunrín náà á sì rì pẹ̀lú oje ewé tó bá lẹ̀ mọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe ń rì, omi ń mọ́. Bí wọ́n ṣe ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, búlùú ń tàn.

Ṣé omi búlùú tó mọ́ gaara ni omi tó dára jù?

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà jù nìyí, mi ò sì ní dẹ ọ̀rọ̀ náà lójú: rárá. Ó lè dára. Crater Lake ní Oregon, Amẹ́ríkà, tó jìn ní 594 mítà, tí odò kankan kò ṣàn wọ̀, tó jẹ́ pé òjò àti yìnyín ọ̀run nìkan ló kún un, búlùú rẹ̀ ń sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò ásíìdì ba ọ̀pọ̀ adágún Scandinavia (Sweden, Norway àti agbègbè wọn) jẹ́, ńṣe ni wọ́n ń mọ́ sí i. Ẹja kú, algae dín kù, oje ewé pòórá, omi wá dà bí dígí. Àwọn àlejò ń yin omi tó ti kú.

Adágún Michigan ní Amẹ́ríkà náà ti di búlùú ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn ẹ̀dá oníkarawun kékeré tí wọ́n ń pè ní quagga, tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá láti ilẹ̀ òkèèrè, ló ń sẹ́ omi náà tọ̀sán-tòru. Ohun tí wọ́n ń sẹ́ jáde ni oúnjẹ tó yẹ kí ẹja máa jẹ.

Ti àwọn kòtò tí èèyàn gbẹ́ burú jù. Nítòsí Buxton ní Ìlú Ọba, kòtò kan wà níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta tẹ́lẹ̀. Omi inú rẹ̀ dára lójú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn ń kó ọmọ wá wẹ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń jóni lára bí oògùn ìfọṣọ líle. Àkọlé ìkìlọ̀ ò dá wọn dúró. Lọ́dún 2013, àwọn aláṣẹ da aró dúdú sí i kí ojú má bàa wọ̀ ọ́ mọ́. Ní Novosibirsk, Rọ́ṣíà, ibi ìdalẹ̀ eérú ilé iṣẹ́ iná mànàmáná di ibi ìyàwòrán lọ́dún 2019 nítorí búlùú rẹ̀. Àwọ̀ wọn jọ ti Peyto dáadáa. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Báwo ni àwọn onímọ̀ ṣe ń wọn àwọ̀ omi?

Irinṣẹ́ wọn àtijọ́ rọrùn. Angelo Secchi, àlùfáà ará Ítálì tó tún jẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀, ri àwo funfun sínú òkun lọ́dún 1865, ó sì kọ ibi tí ojú ti dẹ́kun rírí i sílẹ̀. Títí dòní, àwo Secchi ni wọ́n ń lò. Nínú adágún Tahoe ní Amẹ́ríkà, àwo náà ṣì hàn ní nǹkan bí mítà 31 lọ́dún 1968. Láti ọdún mélòó kan wá, nǹkan bí mítà 20 ló ń dúró sí. Ti àwọ̀, François-Alphonse Forel ní Switzerland ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1890, Wilhelm Ule sì fi kún un: ìgò kéékèèké 21, láti búlùú dé pupa rúsúrúsú, tí èèyàn á gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi wò.

Sátẹ́láìtì ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà báyìí. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2022 fi àwòrán sátẹ́láìtì wo adágún tó lé ní 85,000 káàkiri ayé. Àwọn tó jẹ́ búlùú kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwọn tó kù pín sí àwọ̀ ewé àti pupa rúsúrúsú. Adágún búlùú tí a ń fi ṣe àpẹẹrẹ adágún, wọn ò tó ìdajì rárá.

Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà tún àwòrán wọ̀nyẹn ṣe?

Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni; fóònù pàápàá ń fi kún àwọ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ ni irọ́. Gíláàsì tí àwọn ayàwòrán ń fi síwájú kámẹ́rà láti dènà dídán ojú omi ń ṣe irú iṣẹ́ tí gíláàsì Raman ṣe: ó ń mú ojú ọ̀run kúrò kí inú omi lè hàn.

Ṣé mo lè mọ ohun tó fún adágún tòsí mi ní àwọ̀?

Ẹ bu omi náà sínú ìgò aláìláwọ̀, ẹ gbé ìwé funfun sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ wò ó. Kí ẹ wá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá tòrò tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ jókòó sísàlẹ̀, amọ̀ ni. Bí nǹkan aláwọ̀ ewé bá léfòó sókè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ cyanobacteria, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó bù ú. Bó bá tòrò síbẹ̀ tó pọ́n, oje ewé ni. Bí àwọ̀ bá pòórá pátápátá nínú ìgò láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ jíjìn omi, ìsàlẹ̀ adágún àti ojú ọ̀run ni ẹjọ́ náà wà.

Tí kò bá wá ní àwọ̀ nínú ìgò, ṣé mo lè mu ún?

Rárá o. Àwọ̀ la yẹ̀ wò, a ò tíì yẹ omi wò.